Ilé prefab yá lóòótọ́, àmọ́ orí ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ gbé e lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fídíò lórí TikTok àti Instagram, ó dájú pé ẹ ti rí wọn. Tírélà á gbé odidi yàrá wọ àdúgbò, kíréènì á fà á sókè, àwọn òṣìṣẹ́ tó dé akoto á máa fọwọ́ júwe fún awakọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ti dúró. Fèrèsé ti wà lára rẹ̀, táìlì ti wà nílẹ̀, ṣáwà ti wà ní balùwẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kàn án pọ̀ bí ìgbà tí kápẹ́ńtà bá kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kàn wá gbé e kalẹ̀ ni. Ẹ bá wo ibi táwọn èèyàn ti ń dá sí i, ìbéèrè kan náà lẹ máa rí nígbà ogún: "Èló ni?"

Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì, àwọn ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ sì máa ń fi ìwé àdéhùn irú ilé báyìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá àwọn wò ó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: orí ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ gbé e lé? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀ náà? Ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀, mi ò tíì ní ka ìwé rẹ̀ síwájú.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ohun tó ń fa ilé kíkọ́ sẹ́yìn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Mọ́wé àti Ìkòròdú kì í ṣe búlọ́ọ̀kù títò. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa to ògiri ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ ló ń pẹ́, ìwé ló ń pẹ́, ìpìlẹ̀ ló ń pẹ́, owó ló wá ń pẹ́ jù lọ. Ilé iṣẹ́ prefab kò sì lè bá yín mú ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yá. Ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wá ló bá wa mú yá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tuntun ni. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣojú ìjọba wọn sí Èkó láyé ọjọ́un, ilé onírin tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni wọ́n tò fún un. Richard Burton, arìnrìn-àjò tó gba Èkó kọjá ní 1861, fi ilé náà wé pósí, nítorí bí àwọn aṣojú tó ń gbé inú rẹ̀ ṣe ń kú. (Mi ò ní sọ pé ooru ilé náà nìkan ló pa wọ́n, ibà Èkó náà kópa tirẹ̀.) Ẹ wá wo Calabar. Ní 1884, wọ́n gbé ilé onípákó kan tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti wọ̀n ní Britain wá síbẹ̀, wọ́n tò ó sórí òkè tó kọjú sí odò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ilé náà ni wọ́n ń pè ní Old Residency, ó ti di mùsíọ́mù báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe méjèèjì. Ọ̀kan di pósí lẹ́nu àwọn èèyàn, ọ̀kan di ibi tí wọ́n ń kó ọmọ iléèwé lọ wò.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe eré fún ẹni tó fẹ́ lo kọ̀nténà. Kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gùn tó mítà 12.2, àmọ́ ìbú rẹ̀ níta kò ju mítà 2.44 lọ. Ẹ bá fi ohun tó ń dènà ooru sára ògiri méjèèjì, kẹ́ ẹ tún fi bọ́ọ̀dù bò ó, ohun tó kù fún yín nínú yàrá ò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà méjì lọ. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà nìkan ti gba 1.83 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á máa fo ẹnì kejì kọjá lóru kó tó lè lọ tọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà nínú ògiri panẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Fóòmù funfun bíi èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ń dènà ooru dáadáa, àmọ́ iná ń jó o. Rock wool kì í jóná. Owó wọn ò dọ́gba, ẹni tó ń ta olówó pọ́ọ́kú kì í sì í fẹ́ sọ èyí tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òfin. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tó ń tà á ni pé "kò nílò approval, torí ó ṣe é gbé." Irọ́ ni, ẹ má gbà á. Òfin ìlànà ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 fẹ ìtumọ̀ iṣẹ́ orí ilẹ̀ débi pé gígé igi àti gbígbé pátákó ìpolówó nàró wà nínú rẹ̀. Bí pátákó bá wà nínú rẹ̀, mélòómélòó wá ni ilé tí èèyàn máa sùn sí? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2003, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú wà, Èkó sì ní òfin tirẹ̀ ti ọdún 2010. LASPPPA ló ń fúnni láṣẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò, tó sì ń fúnni níwèé pé ilé ti tó gbé. Wọn kì í bi ògiri bóyá búlọ́ọ̀kù ni tàbí panẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Àwòrán ilé tí wọ́n yà ní China ò sì ní òǹtẹ̀ ẹ̀njíníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i níbí, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ló kàn, bóyá torí pé iṣẹ́ mi ni. Ilé prefab dà bí àdán, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́, ọjà ni, bíi fíríìjì. Tí wọ́n bá ti dè é mọ́ kọnkéré, tí wọ́n so páìpù àti wáyà mọ́ ọn, òfin lè sọ pé ó ti di ara ilẹ̀, ohun tó bá sì ti di ara ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Bó ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó àti ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ máa ń wò.

Ẹ wá ro ti ẹni tó yá ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ẹbí kan ní Ìbẹ̀jù, tó gbé ilé kọ̀nténà sí i. Ọdún pé, ó ní òun fẹ́ gbé ilé òun, wọ́n ní "ilé ta?" Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìyálẹ̀ ló lè gbà á: pé ilé náà ṣì jẹ́ ti ayálẹ̀, pé ó lè tú u kó sì gbé e lọ tí ọdún bá pé, àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ìlà yẹn nínú ìwé ìyálẹ̀ kankan tí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé wá.

Lọ́dọ̀ gómìnà ẹ̀wẹ̀, òdìkejì lẹ máa fẹ́. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé tí ìjọba bá gba ilẹ̀ yín fún àǹfààní gbogbo ìlú, wọ́n máa ṣírò iye tó máa náni láti kọ́ irú ilé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á yọ iye tó ti gbó kúrò, ìyókù ni owó gbà-má-bínú. Bí ẹ bá ti ń pariwo kiri pé ilé yín ṣe é gbé, kí ló ní kí wọ́n máà sọ pé kẹ́ ẹ gbé e? Àwọn tí ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar já lé lórí ní 2024 mọ bí àríyànjiyàn owó gbà-má-bínú ṣe máa ń rí. Nítorí náà, lójú onílẹ̀, ẹ fẹ́ kó jẹ́ ẹrù; lójú gómìnà àti bánkì, ẹ fẹ́ kó jẹ́ ilé. Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ kó tó dé ló máa pinnu rẹ̀, kì í ṣe ẹnu.

Àwọn ìlú mìíràn ti rìn ín rí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé nínú ọgbà tí wọ́n ń pè ní mobile home park ló ni ilé wọn, àmọ́ wọ́n ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù. Tí onílẹ̀ bá fi owó lé e, ọwọ́ wọn ti há, torí owó gbígbé ilé náà lọ síbòmíràn ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ní Britain lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba to ilé prefab tó lé ní 150,000, wọ́n ní fún bí ọdún mẹ́wàá péré ni. Ní Excalibur Estate ní Catford, lápá London tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, èèyàn ṣì ń gbé inú tiwọn títí wọ ọ̀rúndún yìí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ná, pé ẹ máa wá ilẹ̀ gidi fún un tó bá yá, ẹ rántí Catford.

Owó àsansílẹ̀ ni mo wá bẹ̀rù jù. Tọkọtìyàwó ọ̀dọ́ kan fi ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, ogún kí tírélà tó gbéra, mẹ́wàá tó kù tí ilé bá dé. Iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi ṣe é kò sí níbẹ̀, "ní kíákíá" ni wọ́n kọ. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé kò sí níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi dá iye lé e. Wọ́n wá fi àwòrán ilé náà aláwọ̀ mèremère sí ojú ewé kẹrin.

Ẹ má sì rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń kógbá sílé. Katerra ní Amẹ́ríkà gba owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ó sì gba kóòtù lọ ní oṣù kẹfà 2021 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ilke Homes ní Yorkshire ṣubú ní oṣù kẹfà 2023. Oṣù kan ṣáájú rẹ̀ ni Legal & General, ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá, ti kéde pé àwọn dá iṣẹ́ ilé prefab tàwọn dúró lẹ́bàá Leeds. Kì í ṣe dandan kí ilé tí wọ́n ń ṣe burú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ, gbọ̀ngàn ńlá àti òṣìṣẹ́ ń jẹ owó lóṣooṣù, bóyá oníbàárà wá tàbí kò wá. Bíríkìlà tí kò níṣẹ́, ilé rẹ̀ ló máa lọ jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí owó yín fi gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó gé irin àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ owó yín ni wọ́n máa fi parí ilé ẹni tó ṣáájú yín.

Nínú òfin ọjà títà tiwa, ohun tẹ́ ẹ rà tí kò tíì ṣe é nawọ́ sí pé "èyí ni tèmi", kò tíì di tiyín. Bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́jọ́ yẹn, orí ìlà àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè lẹ máa tò sí, bánkì tó yá wọn lówó á sì ti wà níwájú. Ohun tí mo ní kí tọkọtìyàwó yẹn béèrè fún kò le. Kí owó máa tẹ̀lé iṣẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára apá ilé kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń jáde, kó sì di tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó rẹ̀. Kí ẹ̀njíníà tiwọn lè wọlé lọ yẹ irin àti wáyà wò kí wọ́n tó fi panẹ́ẹ̀lì bò ó, torí lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kí iye rẹ̀ jẹ́ náírà, tàbí kó ní òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó buwọ́ lùwé onídọ́là ní oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí dọ́là ò tíì tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba, tó wá ń san ìyókù ní 2024 nígbà tó ti kọjá 1,400, kò nílò àlàyé mi.

Ibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé prefab ló máa yanjú àìrílégbé àwọn ọ̀dọ́ ti ń mẹ́hẹ. Gbogbo wa la mọ bí àwọn òbí wa ṣe kọ́lé. Àjọ kàn wọ́n, wọ́n ra búlọ́ọ̀kù. Owó alájẹṣẹ́kù jáde, wọ́n ra irin. Ọdún méjì lọ, koríko hù nínú pálọ̀, wọ́n tún padà dé. À ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ilé yẹn ni bánkì wọn: owó tó ti di búlọ́ọ̀kù, kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lè wá yá a mọ́. Prefab ò gba irú ìyẹn. Ó fẹ́ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí ní ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn kan ti ń tà á ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ra ọ̀kan lónìí kẹ́ ẹ so òmíràn mọ́ ọn lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn sì bá ìwà wa mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa sanwó kíréènì.

Ẹ ní bánkì ńkọ́? Bánkì fẹ́ ilẹ̀ tó níwèé kó tó yáni lówó ilé. Tí wọ́n bá máa fi ilẹ̀ náà dúró, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fìdí ìyẹn múlẹ̀ láti 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Ilé iṣẹ́ prefab sì fẹ́ owó rẹ̀ nígbà tí ilé ṣì wà nínú ọgbà tiwọn, tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yín. Láàárín àsìkò yẹn, kò sí ohun tí bánkì lè dì mú. Títí tí ẹnì kan á fi rí nǹkan ṣe sí àlàfo yìí, àwọn tó lówó lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni prefab máa bá kọ́lé.

Ó dáa, ẹ ní owó wà, ìwé sì mọ́: ẹ ti yẹ ilẹ̀ wò ní Aláùsá, ẹ ti mú ìwé survey lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ wá kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé yìí fúyẹ́ ju ti búlọ́ọ̀kù lọ, àmọ́ àbàtà ò mọ fífúyẹ́; ilẹ̀ tó bá rì ní igun kan á yí ilé, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan irú ìpìlẹ̀. Kí páìpù tó máa yọ láti inú ìpìlẹ̀ bá ihò tó wà nísàlẹ̀ ilé mu rẹ́gí. Bíríkìlà lè gbẹ́ ògiri, kó sún ilé ìtọ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ẹni tí ilé rẹ̀ so mọ́ kíréènì lókè kò lè sún ohunkóhun. Ibi tí AC máa wà, ibi tí wáyà inverter máa gbà, ìhà tí omi òjò máa ṣàn sí, gbogbo rẹ̀ lẹ máa ti pinnu ní oṣù mélòó kan ṣáájú. "A máa ṣe é tó bá yá" ò sí nínú irú ilé yìí.

Ẹ wá rin ojú ọ̀nà náà fúnra yín, láti títì ńlá dé ilẹ̀ yín, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ẹrù tó gùn ní mítà 12 ò lè yí ní gbogbo kọ̀rọ̀. Wáyà NEPA tó wálẹ̀, irin ìdènà tó wà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì, afárá gọ́tà tí wọ́n fi pákó ṣe. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, tírélà lè rì sójú ọ̀nà, owó kíréènì tí wọ́n ń kà lójúmọ́ á sì máa lọ.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ò ní gbẹ́yìn. Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kíìnì, owó òrùlé ni wọ́n mọ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wá gbà á. Mo ń ronú bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí gbogbo rẹ̀ bá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfin tí Èkó ṣe ní 2016 ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ tàbí kó máa béèrè owó lórí iṣẹ́ ilé ẹlòmíràn, àmọ́ ẹni tí kíréènì dúró dè kì í ráyè lọ sí kóòtù. Ẹ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú olórí ẹbí àti lóyà kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láti 1976, òfin kan ló ń darí ilé aláfàgbé tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wá lẹ àmì irin pupa mọ́ ọn kó tó jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilé ọgọ́rùn-ún bá jáde láti ibì kan náà, tí wọ́n rí bákan náà bí ìbejì, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbé àwòrán kan náà lọ gba àṣẹ. Kí ló dé tí Èkó ò lè fọwọ́ sí irú ilé kan lẹ́ẹ̀kan, kí LASBCA máa yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ti ń jó irin rẹ̀ pọ̀, kó wá ku ìpìlẹ̀ àti ààyè ilẹ̀ nìkan láti wò lọ́dọ̀ oníbàárà? Ìlú tí ilé iléèwé wó ní Ìta Fájì ní 2019, tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí ní 2021, tó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì, yẹ kó fẹ́ ilé tí wọ́n ti wọn irin rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Ohun tó dáa jù tí ilé iṣẹ́ lè fún wa nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì ju pé ilé dúró lọ́jọ́ kan.

Tọkọtìyàwó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò tíì sanwó. Ẹni tó ń tà á ń pè wọ́n lójoojúmọ́ pé ẹ̀dínwó máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó parí, wọ́n ṣì ń dúró de èsì láti Aláùsá.